Rímásítà, rímíìsì, àtúntẹ̀: kí ni wọ́n ṣe sí àwo rọ́ọ̀kì àtijọ́ tá à ń gbọ́ lórí fóònù yìí gan-an?

Ẹ ṣí Spotify tàbí YouTube Music lórí fóònù yín báyìí, ẹ tẹ Led Zeppelin tàbí Pink Floyd tàbí Beatles, ẹ máa rí i pé orin kan náà lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n á kọ Remastered sára ọ̀kan, wọ́n á kọ Mix àti ọdún tuntun sára òmíì, òmíì á tún ní Deluxe Edition. Àwa díẹ̀ tá a fẹ́ràn rọ́ọ̀kì ní Òṣogbo níbí (bẹ́ẹ̀ ni o, a wà, a ò pọ̀ ni, ní ìlú tó jẹ́ pé fújì àti orin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bá ara wọn du sípíkà láti Ọláìyá títí dé Òkè-Fìà), ohun tí àwọn àbúrò máa ń bi mí jù nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni orígínà níbẹ̀? Ṣé tuntun ló dáa jù ni?"

Èsì mi ni pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn ò sọ bó bá dáa tàbí kò dáa. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni pé tépù wo ni wọ́n lò, ta ló fọwọ́ kàn án, kí ló ṣe sí i. Ẹ fara balẹ̀, kò le.

Láyé ìgbà yẹn tí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì bá wọ sítúdíò, tépù fífẹ̀ kan ló wà níbẹ̀ tó ní ojú ọ̀nà mẹ́rin, nígbà tó yá ó di mẹ́jọ, ó di mẹ́rìndínlógún, ó di mẹ́rìnlélógún, tí wọ́n ń gba ohùn kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà tiẹ̀, dírọ́ọ̀mù lọ́tọ̀, jìtá lọ́tọ̀, ẹni tó ń kọrin lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá gbà á tán ẹnjiníà á wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, á pinnu èyí tó máa ròkè àti èyí tó máa wà lẹ́yìn, á ti jìtá sápá òsì, á ti dùùrù sápá ọ̀tún, á wá gba àbájáde ẹ̀ sórí tépù míì tó jẹ́ ọ̀nà méjì péré. Iṣẹ́ yẹn ni mímíìsì, tépù ọ̀nà méjì yẹn ni wọ́n ń pè ní másítà. Ẹlòmíì ló tún máa gba másítà yẹn, tó máa tún béèsì àti ohùn òkè ẹ̀ ṣe díẹ̀, tó máa mú kí orin kọ̀ọ̀kan bá ara wọn dọ́gba, kó tó di pé wọ́n tẹ àwo. Ẹni yẹn ni ẹnjiníà mástárìn.

Àwa tá à ń gbé ìlú aró, ẹ jẹ́ n fi àdìrẹ ṣe é fún yín. Aṣọ tó ti jáde nínú ìkòkò aró tó sì ti gbẹ, ẹ lè fọ̀ ọ́, ẹ lè fi sítáàṣì sí i, ẹ lè lù ú kó máa dán, ṣùgbọ́n ẹ ò lè ní kí àmì tó wà lápá òsì kó bọ́ sápá ọ̀tún. Rímásítà nìyẹn, másítà tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún fọ̀ tí wọ́n tún lù. Rímíìsì ní tiẹ̀, ó dà bíi pé aṣọ funfun ṣì wà, okùn ṣì wà, aró ṣì wà, wọ́n wá pe ẹni tuntun pé kó tún un dì láti ìbẹ̀rẹ̀, àmì á jọ ti àtijọ́ ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Àtúntẹ̀ lásán sì ni pé náílọ̀nù tí wọ́n dì í sí ni wọ́n kàn pààrọ̀, owó ni wọ́n ń wá, ẹ má dá wọn lóhùn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú àwo kan tó kan àwa gan-an. Band on the Run ti Paul McCartney, tó wà nínú Beatles tẹ́lẹ̀, àti ẹgbẹ́ ẹ̀ Wings, Èkó ni wọ́n ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, sítúdíò EMI ní Àpápá, oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án 1973. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, tí mo bá sọ fún wọn wọ́n á ní mò ń purọ́. Méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbéra, bó ṣe di pé McCartney fúnra ẹ̀ ló lu dírọ́ọ̀mù nìyẹn, òun àti Linda ìyàwó ẹ̀ àti Denny Laine ni wọ́n kù. Àwọn olè yọ ọ̀bẹ sí òun àti ìyàwó ẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n sì kó kásẹ́ẹ̀tì tó fi ṣe àwòṣe àwọn orin náà lọ, ó di kó máa fi orí rántí wọn. Fela náà tún gbé ọ̀rọ̀ ka iwájú ẹ̀ pé ó wá jí orin àwọn èèyàn dúdú. Kódà orin kan níbẹ̀, Picasso's Last Words, Ìkejà ni wọ́n ti gbà á, ní sítúdíò Ginger Baker, ọkùnrin tó ń lu dírọ́ọ̀mù fún ẹgbẹ́ Cream tẹ́lẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n padà sí London ni wọ́n wá fi fáólì (fayolíìnì) àti fèrè kún un, Tony Visconti ló ṣètò ìyẹn, àwo sì jáde ní òpin 1973.

Ẹ wá wo bí àwo kan ṣe di púpọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ná, èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní orin kan, Helen Wheels, tí kò sí nínú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà "orígínà" ti jẹ́ méjì látilẹ̀. Wọ́n tún gbé e jáde ní 1999 fún ọdún karùndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n rímásítà ẹ̀ ní 2010. Ní February 2024 wọ́n tún gbé ti àádọ́ta ọdún dé, èyí tí àwo kejì ẹ̀ ń jẹ́ Underdubbed, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń dàrú. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní ẹ̀n ẹ́n, fáólì dà, ṣé wọ́n ti ba orin yìí jẹ́ ni? Rárá o. Mímíìsì tí ẹnjiníà wọn Geoff Emerick ṣe ní 1973 gan-an ni, kó tó di pé wọ́n fi fáólì sí i, ó ti wà nínú ilé látijọ́ wọn ò kàn gbé e síta ni. Kì í ṣe rímásítà ti àwo tẹ́ ẹ mọ̀, kì í sì í ṣe rímíìsì tí ẹnì kan jókòó ṣe lónìí. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí pé èèyàn wá ń gbọ́ ohun tí wọ́n gbé kúrò ní Èkó gbọọrọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ ti 1973 rí kò gbọdọ̀ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, kí ló dé tí wọ́n tiẹ̀ ń rímásítà? Ìdí gidi wà níbẹ̀ nígbà kan. CD jáde ní 1982, ìdùnnú ṣubú layọ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ orin ń sáré kó àwo àtijọ́ wọn sórí ẹ̀, tépù tó bá ṣáà ti sún mọ́ ọwọ́ ni wọ́n ń lò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, tépù tí wọ́n ti sè fún àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni, ẹ sì mọ̀ pé rẹ́kọ́ọ̀dù ní òfin tiẹ̀, tí béèsì bá pọ̀ jù abẹ́rẹ́ á fò, nítorí náà wọ́n á ti gé béèsì yẹn kù. Ẹ wá gbé irú tépù bẹ́ẹ̀ sórí CD, ohùn á rí tín-ín-rín, á máa gún èèyàn létí. Nígbà tí Jimmy Page ti Led Zeppelin jókòó ti iṣẹ́ wọn ní 1990 tó sì tún padà sídìí ẹ̀ ní 2014, ohun tó bọ́gbọ́n mu ló ṣe, ó lọ wá tépù tó yẹ.

Àmọ́ láàárín 1990 sí bíi 2010 ni nǹkan kan wọ inú ọ̀rọ̀ yìí tó bà á jẹ́: ariwo. Tẹ́ ẹ bá máa gbọ́ ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ, ẹ jọ̀ọ́ kó jẹ́ ibí yìí.

CD ní òkè tí ohùn ò lè kọjá, ó dé ibẹ̀ ó tán, ohun tó bá kọjá ibẹ̀ á bàjẹ́ ni. Nínú rọ́ọ̀kì àtijọ́, ohun tó máa ń kan òkè yẹn ni ìgbà tí igi bá bá awọ ìlù pàá! ìṣẹ́jú àáyá ni, ó ti lọ. Ìyókù orin wà nísàlẹ̀ dáadáa, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìsàlẹ̀ yẹn àti pàá! yẹn ló ń jẹ́ kí orin máa mí, kó máa fò. Ẹnì kan wá gbé límítà dé, límítà yìí á gé orí pàá! yẹn, tó bá ti gé e tán àyè ti ṣí sílẹ̀ lókè, wọ́n á wá ti gbogbo orin yẹn sókè títí á fi kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Orin á pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìlù ti di gbọ̀ùn gbọ̀ùn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ àti ẹni tó ń pariwo ti di ọ̀kan náà.

Kí ló dé tí wọ́n ń ṣe é? Etí wa ni. Etí èèyàn kì í gbọ́ béèsì dáadáa tí ohùn bá wà nísàlẹ̀, Fletcher àti Munson ti wọn ìyẹn ní Amẹ́ríkà láti 1933, tẹ́ ẹ bá gbé fólúùmù sókè díẹ̀ béèsì á jáde, ohùn òkè náà á jáde, orin kan náà á dà bíi pé ó dáa sí i. Nítorí náà ẹni tó bá fi CD àtijọ́ àti tuntun wéra láì fọwọ́ kan fólúùmù, tuntun ló máa mú, ó sì lè jẹ́ pé ariwo lásán ló mú.

Mo gbé èyí lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ṣe lápá Ìgbọ̀nà, tí kò sí rọ́ọ̀kì nínú ayé ẹ̀ rárá, Síkírù Àyìndé ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n etí ẹ̀ mú, tí sípíkà bá ya díẹ̀ báyìí á sọ fún ẹ pé kóònù ẹ̀ ni. Mo fi Raw Power ti Iggy and the Stooges sí i fún un, èyí tí David Bowie míìsì tó jáde ní 1973 àti èyí tí Iggy Pop fúnra ẹ̀ rímíìsì tó jáde ní 1997, èyí tó wà lára àwọn àwo tó pariwo jù láyé. Ó ní ti 1997, kíá. "Àbúrò, eléyìí lágbára." Mo wá fa fólúùmù ti 1997 wálẹ̀ títí ó fi bá tọ̀hún dọ́gba, mo ní kó tún gbọ́. Ó na ọwọ́ sí sípíkà, ó fi ìka mẹ́ta kan kóònù ẹ̀ bó ṣe ń ṣe fún ti oníbàárà, ó ní ó kàn dúró lójú kan ni, kò lọ kò bọ̀, tọ̀hún ló ń gbá òun lọ́wọ́. Ó tún ní tọ̀hún náà ò ní béèsì o, ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀? Òótọ́ ló sọ lápá méjèèjì! Ti Bowie rí tín-ín-rín, ti Iggy ti kún jù, àwọn èèyàn ti ń jà lórí ẹ̀ láti ìgbà yẹn, mi ò rò pé wọ́n máa parí ẹ̀.

Èyí tó tún wá gbòde jù ni Death Magnetic ti Metallica ní 2008. Ìyẹn kì í tiẹ̀ ṣe àtúntẹ̀, tuntun ni, ṣùgbọ́n orin kan náà wà nínú géèmù Guitar Hero tí wọn ò fi límítà tẹ̀ ẹ́ pa tó bẹ́ẹ̀, ni àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù bá sọ pé ahá, ti inú géèmù wa dáa ju CD tá a fowó rà lọ. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ di ti ìwé ìròyìn. Àtìgbà yẹn ni àwọn èèyàn lásán ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀.

Mo máa fi òótọ́ kún un o: tẹ́ ẹ bá wà nínú kọ̀rọ́pẹ̀ láti Old Garage, tí ẹ́ńjìnnì ń kùn lábẹ́ ìdí yín, tàbí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, rímásítà tó pariwo yẹn lẹ máa gbádùn, torí pé èyí tó ń lọ sílẹ̀ tó ń gòkè, tó bá ti lọ sílẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Lálẹ́ tí gbogbo ilé ti sùn ni kẹ́ ẹ gbé tọ̀hún sí i.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni pé Spotify àti YouTube ti gba apá kan nínú ìjà yìí fún wa, wọ́n ń fa àwọn orin sí ìwọ̀n kan náà (ti Spotify jẹ́ nǹkan bíi -14 LUFS, ìyẹn ìwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo sí látòkè délẹ̀), èyí tó pariwo jù wọ́n á fà á wálẹ̀, límítà ẹ̀ á wá di òfo, ìlù tí wọ́n ti gé lórí á sì wà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rímíìsì ló kù, ibẹ̀ náà ló le jù, torí pé òun ló lè sọ orin di nǹkan míì pátápátá. Nígbà míì ó dáa. Sgt. Pepper's ti Beatles ní 1967, tépù ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n fi gbà á, tí mẹ́rin bá ti kún wọ́n á da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sórí ọ̀nà kan tàbí méjì lórí tépù míì kí àyè lè ṣí, ohùn á sì máa dàgbà á máa rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dà á kiri. Ní 2017 Giles Martin, ọmọ George Martin tó bójú tó àwo náà nígbà yẹn, padà lọ kó àwọn tépù tí wọn ò tíì dà pọ̀, ó wá míìsì láti ibẹ̀, ìlù Ringo wá dúró ṣinṣin láàárín. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èyí ba àṣà jẹ́, ẹ sọ fún un pé mono (gbogbo ohùn lójú kan) ni àwọn Beatles fúnra wọn jókòó tì nígbà yẹn, stereo (òsì lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀) tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, wọ́n sáré ṣe é ni, àwọn gan-an ò sí níbẹ̀. Ní ti Revolver ní 2022 wọ́n tiẹ̀ lo kọ̀ǹpútà tó ń ya ohùn tó ti dà pọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ Peter Jackson, olùdarí fíìmù, kọ́kọ́ ṣe fún fíìmù. Steven Wilson náà ti ṣe iṣẹ́ tó gbámúṣé fún King Crimson àti Jethro Tull àti Yes.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ìyà ni. Nígbà tí wọ́n kó àwo àtijọ́ ZZ Top sórí CD ní 1987, wọ́n fi ìlù tó ń dún bíi ti inú ihò sí i, bó ṣe ń jáde láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí ti àtijọ́ tó padà dé orí CD. Ti Ozzy Osbourne tún ju ìyẹn lọ, ní 2002 wọ́n yọ ẹni tó ta béèsì àti ẹni tó lu dírọ́ọ̀mù kúrò nínú Blizzard of Ozz àti Diary of a Madman, wọ́n ní kí àwọn míì wá tún un ṣe, torí ìjà owó! 2011 ni wọ́n tó dá ti àkọ́kọ́ padà. Ẹni tó bá rà á ní 2002 lè rò pé èyí tóun mọ̀ lòun rà.

Ti rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun olówó ńlá yẹn ò gba àkókò. 180 gram tí wọ́n kọ sí i, bó ṣe wúwo ló ń sọ, kò sọ bó ṣe ń dún. Half-speed ni pé wọ́n gé ojú àwo náà ní ìdajì eré kí abẹ́rẹ́ tó ń gé e lè ráyè mú ohùn òkè, ó lè ṣiṣẹ́ tí ẹni tó ń ṣe é bá mọ̀ ọ́n. Hi-res (fáìlì orin tó kún ju ti CD lọ), tẹ́ ẹ bá ń fi íápíìsì bulutúùtù olówó pọ́ọ́kú gbọ́ ọ, ẹ kàn ń jẹ dátà lásán ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "láti orí tépù gangan" dẹ́rù bà yín, ní 2022 ló hàn síta pé Mobile Fidelity, ilé iṣẹ́ tó ń tún àwo àtijọ́ tẹ̀, tí àwọn àgbà olórin gbà pé kò sí irú wọn, ti ń gba ọ̀pọ̀ àwo wọn kọjá lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, àwọn oníbàárà tó ti ń búra pé àwọn ń gbọ́ ìyàtọ̀ kò sì mọ̀.

Kí n tó gbàgbé, gbogbo ohun tí mo sọ yìí gbà pé tépù ṣì wà. Tépù míì látàárín 1970 síwájú máa ń fa omi lára, á máa lẹ̀, wọ́n á ní láti fi sínú ohun tó ń móoru níwọ̀nba fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó ṣe é lò lẹ́ẹ̀kan sí i. Òmíì jóná, bíi ti ilé iṣẹ́ Universal ní Hollywood ní 2008. Ti àwa wá ńkọ́? A ní rọ́ọ̀kì tiwa o, BLO ti Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu gbé Chapter One jáde ní 1973, Ofege tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ ilé ìwé St. Gregory's ní Èkó náà gbé Try and Love jáde lọ́dún kan náà. Ilé iṣẹ́ òyìnbó Soundway ló tún kó irú orin bẹ́ẹ̀ jọ ní 2008, wọ́n pè é ní Nigeria Rock Special. Fún irú àwọn orin wọ̀nyí, tí wọn ò bá rí tépù, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti jẹ ọyẹ́ àti eruku ní ilé bàbá ẹnì kan ni wọ́n máa gbé sórí ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pápápá nísàlẹ̀ orin, ohun tó fà á nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú wọn, èyí tó burú ni èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà fọ pápápá yẹn mọ́ tónítóní tó fi gbá ohùn òkè orin náà lọ pẹ̀lú ẹ̀, tí àwo idẹ ara dírọ́ọ̀mù wá ń dún bí ẹni ń bọ́ náílọ̀nù. Èmi á mú èyí tó ń ta pápápá.

Ó wá kù bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lo íápíìsì, ẹ mú ibi tí dírọ́ọ̀mù ti wọlé nínú orin, ìdajì ìṣẹ́jú ti tó, ẹ jẹ́ kí fólúùmù méjèèjì dọ́gba ná kẹ́ ẹ tó sọ pé èyí ló dáa, ẹ sì padà gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì torí etí tó ti rẹ̀ kì í sòótọ́. Lórí YouTube, ẹ ṣí àlàyé tó wà lábẹ́ fídíò, ẹ máa rí lẹ́tà P kan nínú òbìrípo pẹ̀lú ọdún, ọdún yẹn ló sábà máa ń sọ ìgbà tí ohùn tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn jáde, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n kọ orin. Tí kò bá sí i, tó jẹ́ pé ẹnì kan ló kàn gbé e síbẹ̀ láti ilé ẹ̀, ẹ fò ó, ẹ wá ti ilé iṣẹ́ orin fúnra ẹ̀. Àfi tó bá jẹ́ BLO tàbí Ofege lẹ̀ ń wá, ìyẹn, èyí tẹ́ ẹ bá ti rí kẹ́ ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.